Àlùmọ́gàjí Tí Àǹtí Mi Fún Mi

Òórùn òróró ẹ̀rọ ìránṣọ àti ti aṣọ tuntun ló máa ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Festac nígbà yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí mò ń pè ní Àǹtí mi títí dòní, ti sọ pálọ̀ di ṣọ́ọ̀bù. Bàbá wa, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, kàn rọra gbé àga wọn lọ sí fàráńdà ni.

Lọ́dún kan, ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí Àǹtí mi rán aṣọ fún àwọn akọrin, ogún aṣọ. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n fi rán an tán. Wọn ò sùn, oúnjẹ wọn á tutù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ sì ń tú jáde lẹ́nu wọn: wọ́n máa ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Satellite Town, wọ́n máa ṣí òmíràn sí Ijegun-Egba, wọ́n á gba ọgbọ̀n ọmọṣẹ́. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń kí wọn kú iṣẹ́. Èmi náà kí wọn títí, mo tún ń bú ara mi ní ọ̀lẹ. Pásítọ̀ ní kí Àǹtí mi dìde dúró nínú ìjọ, a sì pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wá. Ta ló máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní aláìsàn?

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Àǹtí mi dùbúlẹ̀, wọn ò dìde mọ́. Ìwọ náà mọ àwa Yorùbá, kò sí ohun tí a kì í kí èèyàn kú, ìjókòó ni o, ìdúró ni o. Àmọ́ kò sẹ́ni tó rí nǹkan kí obìnrin tó kọjú sí ògiri láti àárọ̀ dalẹ́. Màmá ní ó rẹ̀ wọ́n ni. Èmi ní tèmi ní ìmẹ́lẹ́ ni, mo sì sọ ọ́ sí wọn létí. Ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ẹ yìí.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, wọ́n pè mí sí yàrá, wọ́n na àlùmọ́gàjí wọn sí mi. Àlùmọ́gàjí tó jẹ́ pé tí mo bá fi gé bébà lásán, ilé á gbóná!

"Máa lò ó," wọ́n ní. "Mi ò nílò ẹ̀ mọ́."

Mo ti ń dúpẹ́ kí n tó rántí pé èmi ò mọ bọ́tìnì í rán. Ẹni tó bá ń fi irinṣẹ́ ẹ̀ tọrọ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò, ibo ló ń lọ? Mo jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Àǹtí mi, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

Wọn ò wò mí. "Ayé ti sú mi," ni wọ́n sọ, ohùn wọn lọ sílẹ̀ gan-an.

Mi ò fi wọ́n sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan mọ́. Èmi àti Màmá gbé wọn lọ sọ́sípítù lọ́jọ́ náà gan-an. Dókítà tó rí wa, ọmọbìnrin tí kò jù mí lọ, bi wá ní ohun tí a ò retí: ìgbà wo ni ara wọn yá gágá kẹ́yìn, tí wọn ò sùn? Màmá fi ẹ̀rín sọ ìtàn ogún aṣọ. Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní àìsàn báípólà ni, àìsàn ọpọlọ tó máa ń mú kí ara èèyàn yá ju bó ṣe yẹ lọ nígbà kan, kó sì rẹ̀wẹ̀sì gan-an nígbà mìíràn.

Mo jiyàn. Ṣebí mo mọ báípólà: Bọ̀dá kan ní àdúgbò wa ní in, tó jáde sí títì tó ń pariwo pé òun ni gómìnà. Dókítà fi sùúrù ṣàlàyé pé oríṣi kan kọ́ ló wà. Ti Bọ̀dá yẹn, ara a máa yá kọjá ààlà débi tí wọ́n á fi dá a dúró sọ́sípítù. Ti Àǹtí mi kì í ga tó yẹn, akitiyan làwọn èèyàn máa ń pè é. Ìrẹ̀wẹ̀sì wọn ló máa ń jìn. Ó ní oríṣi kan tún wà tó ń lọ sókè sódò díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀, táwọn èèyàn á kàn pè ní ìwà. Ó ní kò sí èyí tó kéré nínú wọn.

Oògùn tí dókítà kọ fún wọn ò ṣiṣẹ́ lóòjọ́. Ó tó oṣù mélòó kan kí Àǹtí mi tó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ojú wọn le koko.

"Ta ló fi àlùmọ́gàjí mi gé bébà?"

Èmi ni. Mo bú sẹ́kún, inú mi dùn débi pé mi ò lè bẹ̀bẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, tí mo bá bá wọn nídìí ẹ̀rọ, kú iṣẹ́ kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń kí wọn. Mo máa ń béèrè pé, "Àǹtí mi, ṣé ẹ sùn?" Tí wọ́n bá ní àwọn sùn, ìgbà yẹn ni mo tó kí wọn kú iṣẹ́.