Bàbá Ó-Dàárọ̀ àti Àwọn Ẹlírí Tó Lóyún Nígbà Tí Kò Yẹ

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi pé ọkùnrin kan wà tó máa ń kí garawa, mo rò pé yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi mí ṣe. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, mo fojú ara mi rí i. "Garawa, pẹ̀lẹ́ o, o kú ìdúró," ló wí, kó tó gbé e.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń tọ́jú ẹlírí, àwọn eku pápá tí kò ju àtàǹpàkò lọ, ní ilé ìwádìí kan lẹ́yìn yunifásítì. Bàbá Ó-Dàárọ̀ ni wọ́n ń pè é, torí pé bí iṣẹ́ bá ti parí, kò sí ohun tí kì í sọ "ó dàárọ̀" fún: ilẹ̀kùn, ìgbálẹ̀, kẹ̀kẹ́ ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀gá náà, Dókítà, jẹ́ obìnrin tíńrín kan tó máa ń rìn bí ẹni tí ajá ń lé. Ohun tó ń wádìí kò le. Ẹlírí kò ní kàlẹ́ńdà, gígùn ọjọ́ ló fi ń mọ àsìkò. Bí ọjọ́ bá ń gùn, ó mọ̀ pé oúnjẹ ń bọ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ. Bí ọjọ́ bá kúrú, ó mọ̀ pé òtútù àti ebi ló kù. Abo á ṣíwọ́ ọmọ bíbí, ohun tí akọ fi ń jẹ́ akọ á sì súnkì bí ẹ̀pà gbígbẹ.

Yàrá méjì ló fi ń dán èyí wò. Ní ti àkọ́kọ́, wákàtí mẹ́rìndínlógún ni iná fi ń tàn lójúmọ́. Ní ìkejì, wákàtí mẹ́jọ péré. Àmọ́ Dókítà fẹ́ máa wo òru ẹlírí nígbà tí òun kò sùn, ló bá yí agogo iná yàrá kejì padà: iná á tàn lágogo kan òru, á kú lágogo mẹ́sàn-án àárọ̀. Ọ̀sán tiwa wá di òru tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́sàn-án á tan gílóòbù pupa kékeré kan tí ẹlírí kì í kà sí ìmọ́lẹ̀.

Nínú yàrá ọjọ́ kúkúrú yìí ni abo mọ́kànlá ti lóyún.

Dókítà ní, "Oyún kì í já bọ́ láti àjà. Ẹnìkan ló ń kó wọn láti yàrá kìíní wá sí ìkejì. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló wà, ọwọ́ Bàbá ló sì wà." Ìgbìmọ̀ ilé ìwádìí náà yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì. Bí Bàbá kò bá rí àlàyé ṣe, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

Mo ti kọ́kọ́ yà sílé rẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà. Kò fọwọ́ kan tíì tó wà níwájú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ó ń fi ṣíbí tọ́ka sí i.

"Akọ̀ròyìn, kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkọ mi yìí kò lè fi ewúrẹ́ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó má sọ fún aládùúgbò. Òun ló wá ń kó ìyàwó eku kiri?"

"Ìyá àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà."

"Ta ló ń ṣàwàdà? Gbogbo ayé wa, ọmọ mẹ́ta la bí. Eku rẹ bí mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sì gba ìsinmi."

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. "Ẹlírí nìkan ni mo mọ̀," ó wí fún mi. "Ta ló ń wá arúgbó tó mọ ẹlírí?"

Mo tẹ̀ lé e lọ síbi iṣẹ́. Mo ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀, mo ṣọ́ àpò rẹ̀, mo ṣọ́ kọ́kọ́rọ́ náà. Ó fọ àgò, ó da ọkà, ó yí omi padà, gbogbo rẹ̀ lábẹ́ gílóòbù pupa. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé: "Ó jọ olóòótọ́. Àwọn olè náà máa ń jọ bẹ́ẹ̀."

Nígbà tó di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí iṣẹ́ tán, ó pa gílóòbù pupa, ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì kan, ó mú tọ́ọ̀ṣì tó nípọn bí apá rẹ̀ jáde, ó sì tẹ̀ ẹ́. Yàrá náà funfun báláú. Ó wá ń lọ láti àgò dé àgò.

"Ìyá Àgbà, ó dàárọ̀ o. Ọ̀lẹ, gbórí sókè kí n rí ọ. Ìwọ oníjà, fi ìrù onírù sílẹ̀! Ó dàárọ̀."

"Bàbá," mo ní, "ṣebí wọ́n ní kí ẹ má tanná níbí?"

"Ta ló tanná? Ka ara ògiri." Àkọlé tó wà níbẹ̀ ni: ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ TAN INÁ YÀRÁ YÌÍ. "Iná yàrá ló wà lókè yẹn. Tọ́ọ̀ṣì tèmi nìyí. Àkọ́bí mi obìnrin ló rà á fún mi lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Tẹ́lẹ̀, gílóòbù pupa ni mo fi ń kí wọn, àmọ́ ojú mi ti ń ṣú. Ṣé èèyàn á máa dágbére fún ẹni tí kò rí lójú ni?"

"Agogo mélòó ló lù báyìí, lójú tiwọn?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka. Láti mẹ́sàn-án àárọ̀ sí agogo kan òru, wákàtí mẹ́rìndínlógún. Ìdajì rẹ̀, mẹ́jọ. Mẹ́jọ lórí mẹ́sàn-án àárọ̀, márùn-ún ìrọ̀lẹ́...

"Ọ̀gànjọ́," ó wí. "Mo gbé! Ojoojúmọ́ ni mo ń jí wọn lọ́gànjọ́, láti sọ fún wọn pé kí wọ́n sùn dáadáa!"

Àwọn ẹlírí ti rí òòrùn láàárọ̀, wọ́n tún rí i lágogo márùn-ún. Wọ́n so méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ kò ṣú láàárín wọn, wọ́n gbà pé ọjọ́ ti gùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí tọkọtaya ń ṣe nígbà tí ọjọ́ bá gùn.

Ó pa tọ́ọ̀ṣì náà. Ó dúró nínú òkùnkùn. Mo mọ ohun tó ń rò, torí èmi náà ń rò ó: èmi nìkan ló rí i. Bó bá jẹ́wọ́, òun ló ba iṣẹ́ oṣù mẹ́ta jẹ́. Bó bá dákẹ́, ó di olè lọ́la.

"Akọ̀ròyìn," ó ní, "bá mi di ọwọ́ mi mú, mi ò ríran. Ọ̀dọ̀ Dókítà là ń lọ."

Dókítà gbọ́ ọ tán. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà.

"Ìṣẹ́jú mélòó ni ẹ fi ń kí wọn, Bàbá?"

"Ó máa ń tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mà. Ìyá Àgbà ló ń pẹ́ kó tó jáde. Ẹ má bínú, mà."

"Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré," Dókítà wí, ó ti ń wá bírò kiri orí tábìlì. Bírò náà wà nínú irun rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, òun fúnra rẹ̀ ló ṣàlàyé fún ìgbìmọ̀. Wọ́n ní alága rẹ́rìn-ín títí omi fi gba imú rẹ̀ jáde. Èyí ni n kò fojú ara mi rí.

Dókítà wá kó àwọn ẹlírí tuntun sí yàrá kejì, ó sì fi aṣọ dúdú pín in sí méjì. Apá òsì, Bàbá gbọ́dọ̀ fi tọ́ọ̀ṣì kí wọn lágogo márùn-ún géérégé. Apá ọ̀tún, kò gbọdọ̀ tàn án sí wọn rárá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo padà lọ wò ó. Òsì ń pariwo bí ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Ọ̀tún kò ní ọmọ kan ṣoṣo.

Inú Bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ dùn. "Ìkíni tí wọ́n fi ìwé pa láṣẹ, kò dùn lẹ́nu," ó ní. "Ẹ̀yin tó kàwé, ta ni yóò sọ fún àwọn ti apá ọ̀tún pé mi ò bá wọn jà?"

Dókítà gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹnu yín kò ní iná, Bàbá. Ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀."

Ó gbé tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó wọ ẹ̀yìn aṣọ dúdú náà nínú òkùnkùn biribiri. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ó dàárọ̀ o, gbogbo ilé. Ẹ má bínú, àṣẹ ọ̀gá ni."

Lẹ́yìn ìyẹn, gbàǹgà!

"Garawa," ó ní, "pẹ̀lẹ́ o. Mi ò rí ọ."