Gbádébọ̀ Jogún Ṣọ́ọ̀ṣì

Ọjọ́ ìkórè nìkan ni Gbádébọ̀ Ògúndìran ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Tẹ̀dé, ó sì máa ń pẹ́ dé kí gbogbo ènìyàn lè rí agbádá rẹ̀. Àgbẹ̀ tábà ni. Bàbá rẹ̀ ló fún ìjọ ní ilẹ̀, ìjọ sì bá bàbá ṣàdéhùn pé òun ni yóò máa yan olùkọ́ ìjọ, òun àti ẹni tó bá fi ẹ̀tọ́ náà sílẹ̀ fún. Nígbà tí bàbá kú ní 1979, Gbádébọ̀ ni ìwé ìhágún dárúkọ.

Jẹ́ẹ́dé, àbúrò rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó kejì, yarí. "Ẹ̀gbọ́n, ogún bàbá, ìdí igi là ń pín in sí!"

Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá fẹ́. Ẹbí jókòó, wọ́n pín ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni pín oko: ọdún kọ̀ọ̀kan fún ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan. Wọn ò bi àwa tí à ń gbàdúrà níbẹ̀ léèrè.

Ọdún Gbádébọ̀ ló ṣíwájú. Kíá ló lé Olùkọ́ Ìyápọ̀ kúrò ní ilé ìjọ, tòun ti ìyàwó rẹ̀ olóyún. Ọdún mọ́kànlá ni ọkùnrin yìí fi kọ́ wa ní ìwé Bíbélì. Ládòkun, àna Gbádébọ̀, ló gba ipò rẹ̀.

"Gbádébọ̀, Ládòkun ò mọ̀wé!" ni Ìyá Àtinúkẹ́, olórí àwọn obìnrin ìjọ, wí. "Ilẹ̀ tí bàbá rẹ fún Ọlọ́run, ṣé o fẹ́ gbà á padà ni?"

"Rárá o, Ìyá. Mo kàn ń bá Ọlọ́run bójú tó o ni."

Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin ni Ládòkun fi ka Sáàmù kẹtàlélógún fún wa, torí Sáàmù yẹn nìkan ló mọ̀ sórí. Lọ́jọ́ karùn-ún, bó ṣe ní "Olúwa ni," Ìyá Àtinúkẹ́ dìde, ó gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ lérí, ó jáde. Oníkálukú ló ra bẹ́ǹṣì tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bẹ́ǹṣì kò sì sí nínú ìwé ìhágún. A gbé tiwa tẹ̀ lé e lọ sábẹ́ igi màngòrò tó wà níwájú ilé tí Olùkọ́ Ìyápọ̀ háyà. Ibẹ̀ la ti ń sìn títí di òní.

Nígbà tí ọdún yí po, Gbádébọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ lọ fún Jẹ́ẹ́dé pẹ̀lú agbádá lọ́rùn.

"Ó kàn ọ́. Yan olùkọ́ tó bá wù ọ́."

Jẹ́ẹ́dé yọjú wo inú ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣófo. "Kí ó máa kọ́ ta ni, Ẹ̀gbọ́n? Aláǹgbá?"