Ìbéèrè tí Aláwàdà Bi Ọmọ Mi ní Ìwó

"Màámi, ẹ má jẹ́ kí ọmọ mi gbàgbé mi o."

Bí ọmọ mi obìnrin ṣe kìlọ̀ fún mi lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn. Ọmọ tirẹ̀ ti ń gbé lọ́dọ̀ mi láti ìgbà tí iṣẹ́ ti gbé òun àti ọkọ rẹ̀ lọ sí Àbújá. Mo gbé fóònù sí ọmọ náà létí kí ó kí ìyá rẹ̀, ni ó bá yíjú sí mi, ó pè mí ní "Màmá mi," ó ní òun fẹ́ mu omi. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ. Ó kìlọ̀ fún mi, ó sì fi ẹ̀rín gbé e. Èmi mọ ẹ̀rín yẹn. Mo ti rín in rí ní Ìwó, nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan, níwájú àwo ìrẹsì. Nítorí ìkìlọ̀ yẹn ni mo ṣe jókòó kọ èyí. Ọmọ mi obìnrin yìí gan-an ni ọmọ tí ọ̀rọ̀ alẹ́ ọjọ́ náà ní Ìwó dá lé, ohun kan ṣoṣo tó sì rántí níbẹ̀ ni ọkùnrin tó gbé iná mì.

Àkúrẹ́ ni èmi àti ọkọ mi ń gbé nígbà náà. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ń ṣe tíṣà ní ilé ìwé míṣọ̀n kan ní Ìwó, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lápá Òkè Ọya, kì í wálé ju ìgbà ọdún lọ. Wọ́n ti fẹ́ ara wọn tipẹ́, wọn kò tíì bímọ. Ìyá ọkọ mi ní ọmọ ni í pe ọmọ wá, pé kí a gbé ọmọ mi fún un kí ó bá a gbé, Ọlọ́run yóò rí ọmọ lọ́dọ̀ rẹ̀, yóò sì fún un ní tirẹ̀. Ọmọ mi jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà, mo sì ní ìkókó lẹ́yìn. Ọkọ mi gbà. Ẹnu ìyàwó kò tó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ohun kan fún àwọn ọmọ òde òní. Ẹni tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, kì í pe orúkọ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Mo ju àbúrò ọkọ mi yìí lọ, mo ti ń lọ sí ilé ìwé girama nígbà tí òun ṣì wà ní pamárì. Síbẹ̀ mo ń kúnlẹ̀ kí i, mo ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, Eyínfúnjowó ni mo sì sọ ọ́, nítorí eyín rẹ̀ funfun dáadáa. Òun a máa pè mí ní "Ìyàwó," a sì máa fi "o" bá mi sọ̀rọ̀. Kò dùn mí rí. Ìgbà tí ọmọ mi di ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ni eékún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí bí mo bá kúnlẹ̀.

Ọmọ náà ti lo ọdún méjì níbẹ̀ nígbà tí mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan. Láti Ilé-Ogbó ni mo ti ń tún gèlè mi wé nínú mọ́tò, kí ó lè dá mi mọ̀ lókèèrè. Ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó sáré, ó wá dúró, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà."

Bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá ilé ìwé ló ṣe kí mi. Wọ́n di irun rẹ̀ ní irú dídì kan tí n kò mọ̀. Aṣọ ọrùn rẹ̀ jẹ́ àjákù ìró tó wà nídìí Eyínfúnjowó, òdòdó kan náà, àwọ̀ kan náà. Bí ẹni tó ń kọjá bá wo àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́nu ọ̀nà yẹn, yóò sọ pé ìyá àti ọmọ gba àlejò.

Ní ìrọ̀lẹ́, Eyínfúnjowó ní, "Ìyàwó, a ò ní dáná lónìí. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún àwa mẹ́ta. Àwọn eléré kan wà ní òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n á kọrin, wọ́n á jó, wọ́n á pidán, a ó sì máa jẹun."

"Ṣé wọ́n ń gba ọmọdé níbẹ̀?"

"Ọmọdé kẹ̀? Òun ló fà mí láṣọ títí mo fi lọ rà á."

Gbọ̀ngàn náà wà lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n to pátákó lé búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ni ìtàgé. Wọ́n to tábìlì síwájú rẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun bò wọ́n. Mo yan tábìlì tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, nítorí mo ti rí i pé kèrétì mínírà ni wọ́n fi dí ìlẹ̀kùn kejì. Wáyà iná kan gba abẹ́ ẹní kọjá lábẹ́ àga wa. Mo ní kí ọmọ mi gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé igi àga.

"Ìyàwó," Eyínfúnjowó ń rẹ́rìn-ín, "ìbẹ̀rù yìí náà wọ mọ́tò láti Àkúrẹ́?"

"Ẹ má bínú, Eyínfúnjowó. Ẹ jẹ́ kó jókòó sáàárín wa."

Bí oúnjẹ ṣe dé ni ìpè Iṣáì dún ní mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí. Ó tó ìdajì àwọn ọkùnrin tó dìde, wọ́n gba bútà lọ sí àgbàlá. Àwọn eléré náà lọ. Aláwàdà wọn ti kun ojú ní ẹfun, ó ní láti fọ gbogbo rẹ̀ dànù kí ó lè kírun, kí ó tún padà wá kùn ún. Àwa tó kù jókòó ti oúnjẹ wa. Eyínfúnjowó tẹrí ba, ó gbàdúrà ráńpẹ́, ọmọ mi sì ṣe "Àmín" pẹ̀lú rẹ̀ ní ohùn kan náà.

Ìrẹsì ni, pẹ̀lú dòdò àti ẹja díndín tí egungun rẹ̀ wẹ́. Mo fa àwo ọmọ mi sọ́dọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ egungun ẹja náà, mo ń tò ó sí etí àwo.

"Màámi, mo lè yọ ọ́ fúnra mi."

"Ó wẹ́. Á há ẹ lọ́fun."

"Àǹtí ti kọ́ mi. Ẹ̀ẹ́ dá ẹnu dúró, ẹ̀ẹ́ wá fi ahọ́n wá a."

Ó fi ẹja sẹ́nu, ó dá ẹnu dúró, ojú rẹ̀ le bí ojú àgbà. Ó wá yọ egungun kan jáde láàárín ètè rẹ̀, ó mọ́ tónítóní, ó fi lé etí àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

"Ẹ rí i?"

Mo ní mo rí i. Láti ìgbà tó ti ń hu eyín ni mo ti ń yọ egungun ẹja fún un, n kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fún un ní ẹja jẹ. Obìnrin yìí ti kọ́ ọ bí kò ṣe ní nílò ìka mi mọ́. Ẹ̀kọ́ gidi ni, mo mọ̀. Owú ni mo jẹ pẹ̀lú ẹja náà.

Nígbà tí àwọn olùkírun padà dé, eré bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin mẹ́ta kọrin, wọ́n jó. Ọkùnrin kan fi ọwọ́ rìn lórí pátákó, ẹsẹ̀ lókè. Onídán bọ́ síta, ó kó kẹrosíìnì sẹ́nu, ó gbé ògùṣọ̀ sún mọ́ ọn, iná bú jáde dé àjà, ó sì ti ògùṣọ̀ náà bọ ẹnu. Ọmọ mi ké. Mo ti na ọwọ́ méjèèjì sí i kí ó tó ké tán. Ó fò kúrò lórí àga, ó gba abẹ́ apá mi kọjá, ó lọ bọ́ sí itan Eyínfúnjowó, ó fi ojú pamọ́ sínú ìró rẹ̀.

"Kò sí nǹkan, kò sí nǹkan," Eyínfúnjowó ń gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́. "Á tu ú dànù. Wò ó, ó ti tu ú."

Ọwọ́ mi ṣì wà nínà lórí aṣọ tábìlì. Mo fi gbé ife omi, kí ó lè dà bí ẹni pé ohun tí mo nà án sí nìyẹn. Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, mo bu omi fún Eyínfúnjowó. "Ẹ gba omi," ni mo wí. Ó ní, "O ṣé, Ìyàwó."

N kò mọ̀ pé aláwàdà ti dúró lẹ́yìn wa. Ẹfun ojú rẹ̀ kò tíì gbẹ, ṣòkòtò rẹ̀ gba ènìyàn méjì. Ó gbọ́ ohun tí a wí, ó sì rí mi tí mo bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ gbà mí o!" ni ó kígbe sí gbogbo gbọ̀ngàn. "Ìyáálé àti ìyàwó lórí tábìlì kan, wọn ò tíì da ọbẹ̀ síra wọn lójú! Bàbá yìí mọ ilé ṣe o. Ẹyọ kan péré ni èmi ní, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mò ń sùn!"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Bàbá ọ̀hún dà?"

"Ó ti sá lọ sí Mẹ́kà, ó ní òun ò padà mọ́!" ni aláwàdà dáhùn. Ó tẹrí ba fún Eyínfúnjowó. "Ẹ kú ilé, Ìyáálé." Ó yíjú sí mi. "Ìyàwó, ẹ kú sùúrù. Ọlọ́run á fún ẹ̀yin náà ní tiyín."

Ó wo ọmọ tó wà lórí itan, aṣọ kan náà lára rẹ̀ àti lára ẹni tó gbé e. Ẹnikẹ́ni ì bá ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ẹ̀rín tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn. Eyínfúnjowó kò rín. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Ariwo kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Aláwàdà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ mi. "Ìyá kékeré, bá wa dá ẹjọ́ yìí. Èwo nínú wọn ni ìyá ẹ?"

Gbọ̀ngàn dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ohùn ọmọdé. Mo fẹ́ dáhùn fún un, mo sì fẹ́ mọ ohun tí yóò wí.

Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ láti orí itan. Ó dúró ṣánṣán, ó káwọ́ sẹ́yìn bí ìgbà tí wọ́n ń ka ẹ̀kọ́ sórí ní kíláàsì.

"Màámi tó wà ní Àkúrẹ́ ló bí mi. Àǹtí mi ló ń tọ́ mi. Màámi máa wá mú mi lọ́jọ́ tí àyè bá gbà wọ́n." Ó wá nawọ́ sí mi. "Wọ́n ti dé."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Aláwàdà dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi tòun ti ṣòkòtò ńlá náà. "Ẹ foríjì mí, Ìyá Ọmọ. Kóòtù ti tú ká!" Ó sì kọjá sí tábìlì mìíràn.

Mo fa ọmọ mi mọ́ra, mo bi í ní ohùn kékeré. "Ta ló kọ́ ẹ ní ohun tí o kà yẹn?"

"Àǹtí ni. Alaalẹ́ la máa ń kà á. Bí mi ò bá kà á tán, wọn ò ní paná."

Ẹ lè rò pé owú mi tán níbẹ̀. Ó le sí i ni. Bí ó bá jẹ́ pé ó jí ọmọ mi ni, ǹ bá mọ bí a ṣe ń mú olè. Ṣùgbọ́n alaalẹ́, lẹ́bàá àtùpà, obìnrin tí kò ní ọmọ yìí ń tọ́jú orúkọ mi sí ẹnu ọmọ mi, èmi tí mo jókòó ní Àkúrẹ́ kò sì mọ̀. Ìyẹn ni pé ó tún fi inú rere jù mí lọ. N kò rí ohunkóhun wò nínú eré tó kù.

Nígbà tí eré parí, a dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn kí èrò kọjá. N kò rán ọkọ mi, n kò rán ìyá ọkọ mi. Mo kúnlẹ̀ sórí yanrìn.

"Eyínfúnjowó, mo fẹ́ mú un lọ lọ́la."

"Láti ìgbà tí o ti ń yọ egungun ẹja yẹn ni mo ti mọ̀," ni ó wí. "Dìde, yanrìn á kó sí ẹ láṣọ."

"Ẹ má bínú sí mi."

"Mi ò bínú. Màmá wa ní ọmọ ni yóò pe ọmọ wá. Kò tíì pe ẹnì kankan." Ó gbé ọmọ mi tó ti ń tòògbé sí èjìká. "Ṣùgbọ́n ó ń pè mí ní Àǹtí. Jẹ́ kí n gbé e délé. Ìwọ ni yóò gbé e lọ́la."

Mo jẹ́ kí ó gbé e. Ọ̀nà náà kò jìn, síbẹ̀ ó nira fún mi láti rìn ín lọ́wọ́ òfo.

Ní òwúrọ̀ ọmọ náà sunkún nínú mọ́tò láti Ìwó títí a fi kọjá Ilé-Ogbó, "Àǹtí" ni ó ń ké. Mo gbé e mọ́ àyà, n kò dá a lẹ́kun. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ní Àkúrẹ́, mo ti fẹ́ paná nígbà tó dìde jókòó lórí ẹní, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Màámi ló bí mi. Àǹtí mi tó wà ní Ìwó ló tọ́ mi. Àǹtí máa wá wò mí lọ́jọ́ tí àyè bá gbà wọ́n."

Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ láti yí i padà bẹ́ẹ̀. Owú tún gún mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n mo mú ọwọ́ kúrò lára àtùpà náà títí ó fi kà á tán. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é lálẹ́ títí òun fúnra rẹ̀ fi dàgbà kọjá rẹ̀. Nígbà tó yá, Eyínfúnjowó bí ọmọkùnrin kan. Ìyá ọkọ mi ní ọmọ mi ló pè é wá. N kò bá wọn jiyàn.

Lẹ́yìn tí ọmọ mi kìlọ̀ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ọmọ rẹ̀ jókòó sórí ibùsùn lálẹ́, mo bi í pé ta ló bí i. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. Mo kọ́ ọ, ó kà á, kò sì tíì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. A ó tún kà á lálẹ́ òní.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ọmọ ọlọ́mọ bá ń sùn nílé yín, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó paná, ẹ bi í pé ta ló bí i, kí ẹ sì dúró títí yóò fi dáhùn.