Ìrìn Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tó Fẹ́ Lé Wa Jáde Nílé

Mo rántí ìgbà tí àbúrò bàbá mi ka ìwé dókítà sétígbọ̀ọ́ gbogbo ẹbí, ní agboolé wa lẹ́yìn Mápó. Mógàjí wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, bàbá mi ni ipò olórí agboolé kàn. Ìwé náà ní ọkàn bàbá mi kò lágbára mọ́, kò lè rìn díẹ̀ kó má dúró sinmi. Àbúrò rẹ̀ ká ìwé, ó ní òun ni yóò jẹ mógàjí, àti pé bí òun bá jẹ tán, kí àwa yára wá ilé mìíràn. Ó ti lé opó kan jáde rí, tòun tọmọ lẹ́yìn, nínú òjò.

Èmi ni mo mú bàbá lọ sílé ìwòsàn tí wọ́n ti kọ ìwé yẹn. Dókítà òyìnbó gbé àga kan sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ọ̀kan sí òpin, ó ní kí bàbá máa rìn lọ rìn bọ̀ títí àkókò tí òun ń wò lójú aago yóò fi pé. Ó ní báyìí ni wọ́n fi ń mọ bí ọkàn àgbàlagbà ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àgbà Ìbàdàn wo ni yóò kọjá níwájú aláìsàn láìkí i? Bàbá dúró ti ìyá kan, ó béèrè ara; ó dúró ti bàbá kan, ó béèrè agboolé rẹ̀, àfi bí wọ́n ṣe di ìbátan. Dókítà ń wò ó lókèèrè, ó rò pé èémí ló ń dá a dúró. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà dúró níbẹ̀ láì là á yé e, mo ń fi ọ̀yàyà bàbá mi yangàn.

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún ẹbí, àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Ẹ ò gbọ́? Ó rẹ ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ó ń kí èèyàn.”

N kò bá a jà. Mo kúnlẹ̀ fún àwọn àgbà, mo bẹ̀ wọ́n pé bó bá jẹ́ ọkàn la ó fi yan mógàjí, kí àwọn méjèèjì lọ rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Wọ́n gbà. Lọ́jọ́ náà mo ṣáájú wọn débẹ̀. Mo bẹ àwọn ará orí bẹ́ǹṣì pé kí ẹnikẹ́ni má kí bàbá mi. Ó rìn, ó dojú bolẹ̀ bí ẹni tó jí nǹkan. Nígbà tó kan àbúrò rẹ̀, mo sọ fún wọn wúyẹ́wúyẹ́ pé mógàjí tuntun ló ń bọ̀ yìí.

“Mógàjí, ẹ ó pẹ́ fún wa o,” ni wọ́n ń kí i.

Orí rẹ̀ wú. Ó dúró, ó gbọ́wọ́ sókè, ó súre fún tọ̀tún tòsì.

Ìwé bàbá mi wá dára, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti bàbá mi àkọ́kọ́. Bí wọ́n ti kà á tán, ó dìde fùú. “Kò rẹ̀ mí. Mo ń dá wọn lóhùn ni.”

Àgbà ilé kan dá a lóhùn. “Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ sọ náà nìyẹn. O sì fi í ṣẹ̀sín.”

Bàbá mi jẹ mógàjí. Síbẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, n kò jẹ oúnjẹ ọwọ́ aya àbúrò rẹ̀ kankan, nítorí àbúrò bàbá mi ń búra pé a kò ní jẹ ayé náà pẹ́. Ní Jímọ̀ kan, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ará ìyá rẹ̀ ní Ọ̀rányàn. Ọjọ́ náà ni mo tó sun àsùnwọra.

Aládùúgbò mi tó jẹ́ Aládùúrà máa ń ní kí n tọrọ àforíjì nítorí ọgbọ́n tí mo dá yẹn. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Mo mọ̀. Ará ilé mi gan-an ni mo fojú sùn.