Ọsàn Tó Ń Mu Omi Àlùwàlá

Aládùúgbò mi kan, ọ̀gá àgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ní igi ọsàn méjì lẹ́yìnkùlé. Ó ti gbé pátákó síwájú wọn, ó kọ ọ́ sí i pé oko ńlá ni. Láàárọ̀ àná, ó ń gé ẹ̀ka wọn. Òórùn ewé ọsàn tútù fo ògiri wá bá mi níbi tí mo ti ń mu tíì, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Ẹ̀yin ọmọdé lè rò pé ọ̀gá yìí ló ṣẹ̀ mí. Rárá o. Làmídì ni, ọ̀rẹ́ mi ìgbà èwe ní Ṣakí, ẹni tí n kò fojú kàn láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n wa.

Nígbà náà, igi eléso kan ṣoṣo ló wà lágboolé wa, máńgòrò tí àwọn àdán ti sọ di tiwọn. Àfi bí àbúrò bàbá mi ṣe ti ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wálé fún ìsinmi, tí gbogbo ilé sì ń pè é ní Bọ̀dá Àgíríìkì. Bọ̀dá kò lè sọ pé òjò ń rọ̀ kó má fi òyìnbó gbè é lẹ́sẹ̀. Ó mú ọ̀dọ́ igi ọsàn kíkan kan bọ̀, ó gbìn ín, ó gé e lórí, ó là á, ó ti ọ̀mùnú ọsàn dídùn bọ ibi tó là, ó sì fi ọ̀rá wé e bí ìgbà tí wọ́n ń wé egbò. Ó ní ìdí kíkan ni yóò máa wá omi, orí dídùn ni yóò máa so. Ó kọjú sí mi: "Ìwọ lo ni ín o. Bó bá kú, ìwọ lo pa á." Ó sì gba ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ.

Ibi tí àwọn àgbà ti ń ṣe àlùwàlá ni a gbìn ín sí, kí omi má baà ṣòfò, torí lọ́dọ̀ wa, bí ọyẹ́ bá ti dé, kànga a di ihò lásán. Bàbá àgbà kò fọ ẹsẹ̀ níbòmíràn mọ́. Wọ́n ní igi tó ń bá wa dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run nígbà márùn-ún lójúmọ́ kò lè ṣàì dùn.

Ilé Làmídì ló kángun sí tiwa, ìyá rẹ̀ sì ń sin ewúrẹ́. Òun ló ń kó ìgbẹ́ ewúrẹ́ wá, tó ń tẹ́ ẹ yí ìdí igi ká, tó ń ṣa kòkòrò lára ewé. Bí àlùwàlá kò bá tó, a jọ ń lọ pọnmi lódò tó wà láàárín àpáta kí agogo ilé ìwé tó lù.

Lọ́dún tí a gbìn ín gan-an ni mo lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ àǹtí mi ní Ìsẹ́yìn. Nígbà tí mo padà dé, ewé tuntun ti bo igi mi, ẹ̀gún sì wà lára rẹ̀ tó gùn bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò.

Mo ní, "Ẹ̀gún wo nìyí?"

Làmídì ní, "Ọsàn àgíríìkì ni. Ṣé o fẹ́ kí ẹ̀gún rẹ̀ má kàwé ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ọdún ń gorí ọdún, mo di Ọlọ́sàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi, mo sì ń ṣèlérí bí ẹni tó ń dupò: ti àkọ́kọ́ fún Bàbá àgbà, ìkejì fún tíṣà wa. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣèlérí, Làmídì a ní, "Yóò dùn."

Inú oṣù ààwẹ̀ ni èso àkọ́kọ́ pọ́n. Ìyá mi gé wọn sínú àwo tánganran, wọ́n gbé e síwájú àwọn àgbà níbi ìṣínu. Bàbá àgbà fà á mu, ojú wọn kan pa dé. Lemọ́mù, tó ti wàásù sùúrù fún wa lọ́sàn-án, tu tiwọn sọ́wọ́, wọ́n ní kí á bá àwọn wá omi kíákíá.

Ìyá mi figbe ta: "Ta ló fi wá ṣẹ̀sín báyìí?"

Ìyá Làmídì, tó gbé àkàrà wá, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ẹ! Ṣebí ewúrẹ́ mi tó já okùn ló jẹ orí rẹ̀ nígbà tí ọmọ yín wà ní Ìsẹ́yìn. Ìdí kíkan ló tún hù. Làmídì ló fi ọ̀rá wé e padà. Àbí kò sọ fún yín ni?"

Làmídì ti kúrò níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a lódò, ó ti pọn omi sínú garawa tirẹ̀ àti tèmi.

"O mọ̀?"

Kò wojú mi. "Mo rò pé bí a bá ṣáà ń bu omi sí i, á dùn náà ni."

Mo da omi náà nù, n kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Kí ọdún tó yí po, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ mú un lọ sí Ìgbẹ́tì, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta mábù. Kò dágbére fún mi, èmi náà kò jáde.

Ohun tó ń dùn mí kì í ṣe ẹnu ewúrẹ́. Bí ọ̀dàlẹ̀ bá jókòó sábẹ́ ibòji tó ń wò ọ́, wàá bú u, ara á tù ọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó ń bá ọ ru omi tí ọrùn rẹ̀ sì wọlé ju tìrẹ lọ, báwo lo ṣe fẹ́ bú u? Gbogbo omi tí a pọn, ó mọ ohun tí à ń bomi rin. Èmi nìkan ni n kò mọ̀.

Ẹ̀rọ omi ti wà lágboolé wa báyìí, táìlì ni àwọn àgbà ń jókòó lé ṣe àlùwàlá, ẹnikẹ́ni kò bomi rin nǹkan kan mọ́. Igi náà ṣì ń so. Ẹni tí ikọ́ bá ń ṣe ládùúgbò a wá já a, wọn a sì máa súre fún ẹni tó gbìn ín.

Lọ́dún Iléyá tó kọjá, ará Ìgbẹ́tì kan wá sílé wa. Ó ní Làmídì ti di bàbá àwọn ọmọ, ó sì ní kí wọ́n bá òun kí mi. Ní ilẹ̀ wa, bí ẹnìkan bá ní kí wọ́n kí ọ, wàá ní kí wọ́n bá ọ kí i. Mo la ẹnu, mo ní, "Mo gbọ́."

Ọkùnrin náà dúró díẹ̀ sí i, ó ń retí ìyókù. Lẹ́yìn náà, ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ.