Ọsibítù Mẹ́ta Tó Ń Du Màmá Mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Nígbà tó jẹ́ pé ọsibítù kan ṣoṣo ni màmá mi ní, wọ́n ń rí oògùn gbà. Ìgbà tí ọsibítù mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í du wọn ni wọn ò rí ìkankan lọ mọ́.

Ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ kan wà lọ́nà Ṣáṣá, tí kò jìnnà sí ilé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ibẹ̀ ni màmá mi ti ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọdún pípẹ́. Bẹ́ǹṣì ibẹ̀ ń dun ni nídìí, fáànù ibẹ̀ kì í yí, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó mọ màmá mi dunjú. Bí wọ́n bá ti yọjú báyìí ló máa pariwo pé, "Màmá Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ tún ti lọ jẹ iyọ̀, àbí?" Màmá mi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á na apá, nọ́ọ̀sì á wo bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ń ru sí, á fún wọn ní oògùn oṣù kan, ó parí.

Ìjọba wá ní àwọn fẹ́ tún nǹkan ṣe. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú inṣọ́ránsì ìlera lè yan ọsibítù tó bá wù ú, ìbáà jẹ́ ti ìjọba, ìbáà jẹ́ ti aládàáni. Ọsibítù téèyàn bá yàn ni wọ́n á máa sanwó rẹ̀ fún lóṣooṣù. Wọ́n ní ìdíje á wà, pé ọsibítù tí kò bá tọ́jú èèyàn dáadáa, oníbàárà rẹ̀ á gba ibòmíì lọ. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò, mo sì pàtẹ́wọ́. Èmi, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi! Orúkọ màmá mi ti wà ní Ṣáṣá tẹ́lẹ̀, mo gbà pé ibẹ̀ náà ni wọ́n máa wà.

Àwọn ọsibítù aládàáni ò kúkú sùn. Wọ́n kó àwọn ọmọ tó ń bá wọn wá oníbàárà dà sígboro. Láti Ìyànà Ìpájà títí dé ibùdókọ̀ Pleasure, ẹ ò ní rìn kí ẹnì kan má na fọ́ọ̀mù sí yín lójú. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ojúlé. Ọ̀sán ni wọ́n máa ń wá sílé wa, nígbà tí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ, tó bá ku màmá mi nìkan sílé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Màmá mi kì í lé àlejò. Níbi tí wọ́n ti tọ́ wọn, tí ọmọ ọlọ́mọ bá rìn nínú oòrùn wá bá ọ, wàá fún un lómi, wàá sì ṣe ohun tó bá wá fún un, kó má baà padà lọ́wọ́ òfo. Ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ wá kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní bí òun ò bá rí èèyàn kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ òun. Àánú ẹ̀ ṣe màmá mi, wọ́n mú káàdì ìdánimọ̀ wọn jáde, wọ́n tẹ̀ka. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọkùnrin kan wá láti ọsibítù míì. Wọ́n fún un lómi, wọ́n tẹ̀ka. Ẹni kẹta jẹ́ olóyún. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, ta ló máa lé olóyún?

Nígbà tí mo gbọ́, mo ké. "Màmá, ọsibítù mẹ́ta lẹ yàn?"

"Mi ò yan ìkankan," ni wọ́n wí. "Mo kàn ràn wọ́n lọ́wọ́ ni."

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, a lọ sí Ṣáṣá. Nọ́ọ̀sì wa tẹ kọ̀ǹpútà títí, ó mi orí. Ó ní orúkọ màmá mi ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn, òfin ò sì gbà kóun fún wọn lóògùn inṣọ́ránsì mọ́. Ó wá fohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Àǹtí, ẹ kúkú fowó yín rà á fún oṣù yìí, kò wọ́n."

Mo ní láéláé! Ẹ̀tọ́ wọn ni! Mo bi màmá mi bóyá oògùn ṣì wà nílé, wọ́n ní ó ṣì wà. Mi ò béèrè mọ́ láti ọjọ́ náà.

A gba ọsibítù àkọ́kọ́ lọ, wọ́n ní ọ̀dọ̀ èkejì ni orúkọ wọn wà. Èkejì ní ọ̀dọ̀ ẹ̀kẹta ni. Ẹ̀kẹta ní kọ̀ǹpútà ti ti orúkọ náà pa, torí ó jáde níbi mẹ́ta, òfin sì ní ẹnì kan, ọsibítù kan. Ó di ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó àwọn ọsibítù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó so táì jókòó síbẹ̀.

"Torí ààbò màmá yín ni, ma," ló wí. "Àwọn ọsibítù kan ń kọ orúkọ ẹni tí kò sí láyé, kí wọ́n lè máa gbowó lórí ẹ̀."

"Ẹni tí kò sí láyé báwo? Àwọn rèé, wọ́n jókòó síwájú yín, wọ́n ń làágùn!"

Ó ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́. Ó ní wọ́n ti ń ṣe é lọ́wọ́. Mo padà lọ lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n ṣì ń ṣe é lọ́wọ́ ni. Kí ló ń ṣe wọ́n gan-an? Tí mo bá délé, màá bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà: ìjọba, ọsibítù, kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn pátá ni mo máa gégùn-ún fún. Màmá mi á ní, "Ìbínú ò da nǹkan, sùúrù ni baba ìwà." Màá sọ pé sùúrù wọn ló kó wa sí i, àwọn tó ń tẹ̀ka fún gbogbo ayé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n ń ṣe àlùwàlá, búùtà já bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo sáré jáde, ẹnu wọn ti wọ́. Kẹ̀kẹ́ ló gbé wa dé Ṣáṣá. Nọ́ọ̀sì ò bojú wo kọ̀ǹpútà rárá, ó wé bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ wọn lápá, ojú ẹ̀ yí padà. Ó pè fún mọ́tò tó máa gbé wa lọ sí ọsibítù ńlá. Wọ́n yè é, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n títí di òní, èmi ni mò ń bá wọn wé gèlè.

Lọ́jọ́ náà, bí a ṣe ń dúró de mọ́tò, nọ́ọ̀sì béèrè ìgbà tí wọ́n lo oògùn gbẹ̀yìn. Màmá mi kọ́kọ́ wo ojú mi kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ní àwọn ń dá a sí méjì, kó lè pẹ́, àmọ́ ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti tán.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?" Gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì ló yíjú wò mí.

Ọ̀rọ̀ ò já geere lẹ́nu wọn mọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.

"Mo fẹ́ sọ ọ́," ni wọ́n wí. "Gbogbo ìgbà tó o bá ti wọlé lò ń pariwo. Mo ní kí inú ẹ kọ́kọ́ rọ̀ ná."