Ìyá Eruku àti Pátákó Kíláàsì Kẹta

Ọdún mọ́kànlá ni Ìyá Eruku fi pa irọ́ awò ojú. Bí wọ́n bá gbé ìwé fún un ní ilé-ìwé tó ti ń gbálẹ̀, á fọwọ́ gbá iwájú orí, á ní, "Áà, mo mà tún gbàgbé awò mi sílé!" Wọn á bá a kà á, á dúpẹ́, á sì gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀. Kò ní awò kankan nílé. Ojú rẹ̀ ríran débi pé ó lè rí abẹ́rẹ́ tó bọ́ sínú iyanrìn. Ìwé ni kò mọ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ àfi ọkọ rẹ̀, tí òun náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Kíláàsì mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí agogo bá ti lù, tí àwọn ọmọ ti tú jáde, á to àga sórí tábìlì, á gbálẹ̀, á wá nu pátákó kẹ́yìn. Eruku ṣọ́ọ̀kì a máa kún orí rẹ̀ débi pé àwọn ọmọ ò mọ orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pè é. Pátákó yìí ló fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà. Ó máa ń fi í pamọ́ dé ìparí, bí ọmọdé tó fi ẹran sí ìsàlẹ̀ abọ́.

Ibi tó fẹ́ràn náà ni wàhálà ti bá a. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Tíṣà kíláàsì kẹta fi odindi wákàtí méjì kọ ẹ̀kọ́ sójú pátákó de àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá wo ilé-ìwé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ̀dá ìtàn rèé, ibùdó ìtàn rèé, ìṣòro rèé, ojútùú rèé, ó fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ mẹ́rin kọ wọ́n sínú àpótí mẹ́rin tó yà. Lókè pátápátá, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé, "Ẹ MÁ PA Á RẸ́." Ìyá Eruku wo lẹ́tà gàdàgbà náà, ó ní, "Ọwọ́ ọmọ yìí mà dáa o," ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ gan-an. Ó nù ún tónítóní.

Láàárọ̀, ariwo ta.

"Màmá, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ má pa á rẹ́!" Omi ti lé ròrò sójú Tíṣà.

Ìyá Eruku fọwọ́ gbá iwájú orí. "Awò mi..."

Kò rí i sọ parí. Ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin kan tí kì í pariwo, wò ó lójú. "Màmá, ṣé ẹ mọ̀wé kà?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ti Ìyá Eruku ò tilẹ̀ pé ogún. Ó sunkún lójú gbogbo wọn, ìtìjú ọ̀hún sì pọ̀ ju ẹkún lọ.

Ọ̀gá ò lé e, ṣùgbọ́n kò pa á mọ́ sínú. "Mi ò lè máa fi pátákó sọ́wọ́ ẹni tí kò lè kà á lọ báyìí," ó ní. "Oṣù mẹ́ta ni mo fún yín. Tíṣà á máa kọ́ yín lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ. Lọ́jọ́ tó bá pé, màá kọ iṣẹ́ sójú pátákó, màá sì jáde. Bí ẹ bá ṣe é bó ṣe wà níbẹ̀, iṣẹ́ yín dúró. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Màmá, ẹ ó dárí jì mí."

Ìyá Eruku wá ṣòfin fún ara rẹ̀: kò ní nu ìlà kankan tí kò bá tíì kà. Ẹ gbọ́, òfin líle ni. Ẹni tó ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún nu pátákó wá ń dúró tì í títí oòrùn fi ń rẹlẹ̀, dọ́sítà lọ́wọ́ ọ̀tún, ìka òsì lórí lẹ́tà. "Ọ̀rọ̀-orúkọ ni orúkọ ènìyàn, ẹranko, ibi tàbí nǹkan." Gbólóhùn yìí nìkan gba ọjọ́ mẹ́ta, tíṣà kíláàsì kejì sì ń kùn pé ta ló ń fi ìdajì gbólóhùn sílẹ̀ fún òun láràárọ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ọ̀rọ̀-ìṣe kò ni ín lára rárá: gbá, nù, fọ̀, tò. Ó ní ọwọ́ òun ti mọ gbogbo wọn kí ẹnu tó mọ̀ wọ́n.

Tíṣà kọ́kọ́ lejú koko. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé orí ẹ̀wọ̀n oúnjẹ, ìyẹn àwòrán bí ẹ̀dá kan ṣe ń jẹ òmíràn, Ìyá Eruku bi í pé, "Kí ni oúnjẹ ṣe tí wọ́n fi jù ú sẹ́wọ̀n?" Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ìbínú ọjọ́sí sì tán nínú rẹ̀. Nílé, Ìyá Eruku ń ka ara páálí ìṣáná, ó ń ka ara àpò iyọ̀, ó ń kà á sókè. Ọkọ rẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ ní, "Iyọ̀ náà ti gbọ́. Jẹ́ ká jẹun."

Ọjọ́ pé. Ọ̀gá wọ kíláàsì kẹta, ó kọ ohun tó fẹ́ kọ, ó jáde, ó fa ilẹ̀kùn dé. Ìyá Eruku sún mọ́ pátákó. Ó gbé ìka sókè.

"Ẹ... pa... àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe... rẹ́. Ẹ fi... ọ̀rọ̀-orúkọ... sílẹ̀. Ẹ má... fọwọ́ kan... ẹ̀wọ̀n oúnjẹ."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó pa "sáré" rẹ́, ó fi "ajá" sílẹ̀. Ó pa "jó" rẹ́, ó fi "omi" sílẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ kígbe.

Ojú rẹ̀ ló bá bọ́ sórí àwòrán ìsàlẹ̀: koríko, tata, ọ̀pọ̀lọ́, ejò, àṣá. Ọfà ló so wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n láti ara àṣá ni ọfà ti ń lọ sára ejò, láti ara ejò lọ sára ọ̀pọ̀lọ́, títí dórí koríko. Tíṣà sì ti fi yé e pé ọfà kì í tọ́ka sí ẹni tí wọ́n ń lé. Ibi tí oúnjẹ ń lọ ló ń kọjú sí, láti ara koríko lọ sẹ́nu tata. Bí Ọ̀gá ṣe yà á yìí, koríko ló ń jẹ tata.

Ẹ wo ìdààmú. Bó bá fi í sílẹ̀, ó ti yege. Bó bá fọwọ́ kàn án, Ọ̀gá á ní kò lè ka ohun tí òun kọ, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kíláàsì kẹta á jókòó síwájú pátákó yìí lọ́la, wọn á sì gbà á gbọ́. Ó mọ bó ṣe rí kí ènìyàn dúró síwájú pátákó kó má mọ ohun tó ń sọ. Ó ti ìka bọ omi inú korobá, ó pa orí ọfà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó yí wọn padà. Ọfà kan wọ́ díẹ̀.

Ọ̀gá wọlé. Ó wo ọ̀rọ̀-orúkọ, ó mi orí pé ó dáa. Ó wo ìsàlẹ̀.

"Màmá, mo ní kí ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀wọ̀n oúnjẹ."

"Mo kà á bẹ́ẹ̀, ma. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á."

"Kí ló wá dé?"

"Ẹ má bínú, Ọ̀gá. Koríko ló ń jẹ tata níbẹ̀. Àwọn ọmọ á sì dé láàárọ̀."

Ọ̀gá sún mọ́ pátákó. Ó fi ìka tọ ọfà láti orí koríko dé orí àṣá, ó tún tọ̀ ọ́. Nígbà tó yíjú padà, ojú ẹni tí àṣírí rẹ̀ tú ló wà lójú rẹ̀.

"Ọdún méjìlélógún ni mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ báyẹn," ó ní jẹ́jẹ́. Ó wo ẹnu ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Tíṣà o."

"Kí ni mo fẹ́ sọ, ma?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ẹ tètè dé lọ́la. Ọ́fíìsì mi ni kí ẹ kọ́kọ́ gbá."

Ìyá Eruku ní ó dáa. Ó gbé korobá rẹ̀, ó sì ń sunkún ayọ̀ lọ lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, sí kíláàsì kẹrin tí kò tíì gbá.